Àárín Ìwé Tí Mi Ò Kà

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni tákàbá. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá kú lágbo ilé wa nílùú Ìlọrin, iye ọjọ́ tó máa fi jókòó sílé nìyẹn. Kò ní fín lọ́fínńdà, kò ní lé tìróò, kò ní lé làálì, kò ní wọ ohun tó ń dán. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀ kí ọkọ mi tó kú, mo sì gbà á. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa gbé ẹní wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á sì jókòó síbẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báǹkì.

Ìyá ni gbogbo ilé ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyàwó lòun ń pè mí, èmi tí mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tí mo ti ní ọmọ-ọmọ. Tí mo bá dìde, "Ìyàwó, níbo?" Tí mo bá sún mọ́ ojú fèrèsé, "Ìyàwó, kí lò ń wò?" Ògiri ilé kejì ni fèrèsé yẹn kọjú sí o. Kí ni mo fẹ́ wò lára ògiri?

Lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé opó ò gbọdọ̀ dúró sójú fèrèsé?"

Ó ní, "Orí mi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wá kà á."

Ààfáà tó wá ṣe wáàsí nígbà tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ sọ ọ́ létí gbogbo wa pé obìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè jáde lọ́sàn-án bó bá pọn dandan, kó ṣáà ti padà wá sùn sílé. Ìyá gbọ́ "bó bá pọn dandan." Ó ní ta ni iṣẹ́ rédíò tí mò ń ṣe pọn dandan fún? Báyìí ni ilẹ̀kùn ṣe tì. Mi ò ní fi bò yín, mo kórìíra ìhámọ́ yẹn. Màá jí lásùbáà, màá kí ìrun, màá padà sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa ka pákó òrùlé. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Àwọn èèyàn á wá kí mi, wọ́n á ní kí n ṣe sùúrù, wọ́n á ní Ọlọ́run á fi àlùjánńà kẹ́ ẹ. Màá ní àmín, àmín, títí àgbọ̀n á fi máa dùn mí. Tí wọ́n bá lọ tán, yàrá náà á tún kéré sí i.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fún èèyàn ìwé tó yẹ kí wọ́n kà. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìhà GRA, màá jókòó sídìí makirofóònù, màá sì sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe é. Tí mo bá dé Ọjà Tuntun tí mo kàn béèrè iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà, ẹnìkan á ti pariwo pé, "Háà! Ìyá oníwèé!" Ohùn mi ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi láyé yìí, tí kì í ṣe ti ọkọ, tí kì í ṣe ti ọmọ, tí kì í ṣe ti agbo ilé, ètò yẹn ni.

Tákàbá mi ti pé oṣù mẹ́ta nígbà tí ọ̀gá mi ní rédíò pè mí. Ọmọdé ni sí mi, ó sì mọ ọ̀wọ̀. Ó kí mi, ó tún mi kí. Ó wá ní àwọn fẹ́ ṣe ètò pàtàkì kan, ìwé márùn-ún lórí ìgbé ayé, àdánù àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ta ló tún lè ṣe é bíi tiyín lásìkò yìí?"

Mo ní mi ò lè jáde. Ó ní kí n gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù kí n sì fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi orin dí àyè mi, àwọn tó wà lókè òun ti ń kùn. Bí kò bá rí nǹkan gbọ́ látọ̀dọ̀ mi kí ó tó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ti rí ọmọbìnrin kan tó máa gba ibẹ̀.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ látorí ẹní.

"Ohùn opó kì í lọ sórí afẹ́fẹ́," ló wí. Ó sì ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ọkọ o, ẹkún ìbínú ni. Mo ní ṣé inú sàréè kan náà ni wọ́n fẹ́ sin èmi àti ọkọ mi sí ni?

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ká tiẹ̀ ní Ìyá gbà, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní rédíò, àwọn ọmọ mi ò mọ̀: mi ò kì í ka àárín ìwé. Orí kìíní ni mo máa ń kà, màá ka orí tó gbẹ̀yìn, màá ka ẹ̀yìn páálí. Ọkọ mi ló ń ka ìyókù. Olùkọ́ èdè Lárúbáwá ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí kì í kà, ti kéwú, ti òyìnbó, ti Yorùbá. Tí a bá ń jẹun alẹ́, á máa sọ ohun tó wà ní àárín fún mi, èmi á máa fi ọwọ́ kan jẹun, màá máa fi ọwọ́ kejì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, màá lọ sọ ọ́ lórí rédíò bíi pé èmi ni mo kà á. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ló ń jẹ iṣu, èmi ni mò ń nu ẹnu. Ó máa ń rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọmọ wa obìnrin àkọ́kọ́ kú. Ọmọ ọdún méje ni, ibà ló pa á, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣàìsàn. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ rédíò, ìwé kejì tí wọ́n gbé fún mi ní ọmọ aláìsàn kan nínú. Mo pa ìwé náà dé. Mi ò jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ọkọ mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Jẹ́ n bá ẹ kà á." Ó bá mi ka ìyẹn, ó bá mi ka èyí tó tẹ̀ lé e, ó bá mi kà á fún ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tó yá, mo gbàgbé ìdí rẹ̀ pátápátá. Mo rò pé ọ̀lẹ ni mí, pé òun ló sì fẹ́ràn ìwé. Báyìí ni mo ṣe gbà á.

Nítorí náà, nígbà tí Ọjọ́bọ̀ ń sún mọ́, mo dá ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n burúkú ni. Mo ní màá kó ìwé márùn-ún tí mo ti sọ̀rọ̀ lé lórí tẹ́lẹ̀ jọ, màá yí ọ̀rọ̀ wọn padà díẹ̀, ta ló máa rántí? Tó bá yá, màá wọ báluwẹ̀, màá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí Ìyá má baà gbọ́ ohùn mi, màá sì gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá tó ń bínú sí mi yìí, ẹ wo ibi tí mo gbé ọ̀rọ̀ dé.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mú lórí tábìlì ọkọ mi ni ìwé kan lórí obìnrin aránṣọ kan. Ó kúrò nílùú rẹ̀ ní orí kìíní. Ní orí tó gbẹ̀yìn, ó ṣí ìsọ̀ tuntun ní ìlú mìíràn, ó so aṣọ àkọ́kọ́ kọ́ sí iwájú ìta. Bí ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tun bá wà, òun nìyẹn. Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Mo ní ìwé ìtura ni, mo ní kí gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lọ rà á.

Ìwé yẹn kan náà ló fa wàhálà kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan pe rédíò. Ó kí mi dáadáa, ó ní òun ti ra ìwé náà. Ó ní, "Mà, ojú ìwé kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, ibi tí ọmọ yẹn ti kú..." Mi ò jẹ́ kó dé ìdí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ìwé mìíràn lẹ ń sọ. Kò sí ọmọ tó kú nínú ìwé yìí. Ẹ rọra tún un kà kí ẹ tó máa pe rédíò." Mo ní kí wọ́n gé fóònù rẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a gbé orin sí i. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti gbọ́ ètò náà. Ó ń fi ọwọ́ ro oúnjẹ iwájú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó yẹ kí o jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Mo ṣí ìwé náà. Létí àwọn ojú ìwé àárín, ọkọ mi ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí i, lẹ́tà kéwú wínníwínní. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí irú rẹ̀ nínú ìwé tó bá kà. Mi ò bi í rí. Bàbá mi kò jẹ́ kí n pẹ́ nílé kéwú, ilé ìwé òyìnbó ló rán mi lọ. Mo mọ súrà tí mo fi ń kí ìrun lórí, ṣùgbọ́n ká gbé lẹ́tà kéwú fún mi pé kí n kà á, rárá o. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé àdúà ló máa ń kọ síbẹ̀.

"Gbé ìyẹn wá," ni Ìyá wí látẹnu ọ̀nà.

"Kí ni?"

"Ọwọ́ ọmọ ìyá mi nìyẹn. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó kọ álífù àkọ́kọ́ nílé kéwú bàbá wa. Gbé e wá."

Mo gbé e fún un. Ó wá awò rẹ̀ títí, orí rẹ̀ náà ló wà. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ẹnu rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Yorùbá ni," ló wí. "Àjàmí ló kọ. Lẹ́tà kéwú ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Ó ní, 'Ibí dáa. Sọ èyí fún un.'"

Mo jókòó tì í lórí ẹní. Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. "'Ibí náà dáa. Á rẹ́rìn-ín.'" Ó tún ṣí i. "'Ara ọmọ náà ń gbóná. Fò ó.'" Ó ṣí i. "'Fò ó.'" Ó ṣí i. "'Fò ó.'"

Nígbà tó dé ojú ìwé kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, ó fi àtàǹpàkò bo ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní, "Ìyá, kí ló kọ síbẹ̀?" Ó yọ awò, ó fi etí ìborùn nu ojú, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ó ní, 'Ọmọ náà jọ tiwa. Mi ò ní sọ fún un.'"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ké. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ mi jáde, mi ò tíì ké bẹ́ẹ̀. Ìyá fà mí mọ́ra, òun náà ń sunkún, ó sì pe orúkọ ọmọ mi. Láti ohun tó lé lógún ọdún, kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn nínú ilé wa. Wọ́n ń ṣọ́ mi. Gbogbo ilé ló ti ń fo ojú ìwé yẹn fún mi.

A kó gbogbo ìwé tó kù lórí tábìlì sílẹ̀. A lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní yẹn. Èmi á ka ohun tí wọ́n tẹ̀, òun á ka ohun tó wà létí. Ibi tí "Fò ó" bá wà, ó ní kí n má kà á o. Èmi náà ò kà á. Ẹ̀rù ń ba àwa méjèèjì. Ọjọ́ kẹta ni mo wá sọ̀rọ̀ obìnrin tó pe rédíò fún un, bí mo ṣe bú u lójú gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ.

Ìyá gbé ìwé sílẹ̀.

"O bú ẹni tó ṣòfò ọmọ?"

"Mi ò mọ̀ pé ó ṣòfò ọmọ."

"Ta ló máa pe rédíò nítorí ojú ìwé ibi tí ọmọ kú, bí kò bá ṣe ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú?" Ó dìde dúró pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. "Ìyàwó, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ọmọ ìyá mi ló fi irọ́ yẹn sí ẹ lẹ́nu. Nítorí ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú sàréè ló wà báyìí, màláíkà ń bi í ní ìbéèrè. Sọ ọ́ síta. Sọ ọ́ kí ilẹ̀ lè fúyẹ́ fún un."

"Ìyá! Ẹ̀yin lẹ ní ohùn opó kì í lọ sórí afẹ́fẹ́."

"Ohùn opó tó fẹ́ ṣe fàájì ni mo wí. Èyí pọn dandan."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ la ìwé mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n panu mọ́. Nígbà tí mo wá fẹ́ panu mọ́, ó ní kí n sọ̀rọ̀. Bí mo bá dákẹ́, Ọjọ́bọ̀ á kọjá, wọ́n á gbé ètò mi fún ẹlòmíràn. Bí mo bá sọ òótọ́, ta ló tún máa fi ètò ìwé sọ́wọ́ ẹni tí kì í ka ìwé? Mo wo ilẹ̀kùn, Ìyá ló jókòó síbẹ̀. Mo wo fèrèsé, ògiri ni. Mo gbé fóònù.

Ó jókòó kọjú sí mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà, mo fi òwe àti àkànlò èdè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó ti ń dùn jù. Pa á rẹ́." Èyí tí mo tún gbà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo ní èmi tí mo ti ń sọ fún wọn láti ọdún mẹ́rìnlá pé kí wọ́n ka ìwé, mi ò ka àárín wọn. Mo ní ọmọ mi kú lọ́mọ ọdún méje, mi ò lè ka ibi tí ọmọ bá ti kú, ọkọ mi ló ń bá mi kà á, òun náà sì ti kú. Mo ní obìnrin tó pè mí lórí ìwé aránṣọ yẹn, òun ló jàre, kó forí jì mí. Mo ní ẹ ní ìwé márùn-ún, ẹyọ kan yẹn ni mo ní fún yín, mi ò sì tíì kà á.

Ọ̀gá mi pè mí padà. "Mà, ṣé kí n gbé èyí síta lóòótọ́?"

Mo ní kó gbé e síta. Ó gbé e síta lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Ìyá tan rédíò rẹ̀ sókè kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́. Ọjọ́ Àìkú ló tún pè mí. Ó ní àwọn tó wà lókè ní kí n sinmi díẹ̀ ná. Mo ti tó ẹni tí ń gbọ́ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó òrùlé.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù fún mi nígbà tí obìnrin kan wọlé wá kí mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Búrẹ́dì ló ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage, ó gbé méjì lọ́wọ́ fún wa. Ó ní Ọjà Tuntun lòun ti béèrè ilé ìyá oníwèé, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún òun. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, ó kí mi. Ó wá tú nǹkan kan nínú ọ̀rá. Ìwé aránṣọ náà ni, etí rẹ̀ ti gbó bíi ti ìwé ọmọ ilé ìwé.

Bí mo ṣe rí ìwé náà ni mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀: obìnrin tó pe rédíò ni. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má bẹ̀ mí, mà. Lọ́jọ́ yẹn, ọpẹ́ ni mo pè láti wá dú. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ni."

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Ojú ìwé yẹn. Nígbà tí tèmi lọ, gbogbo èèyàn ní kí n gbàgbé, pé Ọlọ́run á fún mi ní òmíràn. Obìnrin inú ìwé yẹn nìkan ni kò gbàgbé. Tí ọjà bá ti dá díẹ̀, màá ṣí i, màá kà á, màá dìde." Ó kọjú sí mi. "Ọmọ tiyín ńkọ́, mà, kí ló fẹ́ràn láti máa jẹ?"

Kò sẹ́ni tó bi mí nírú ìbéèrè yẹn rí láti ohun tó lé lógún ọdún.

Mo ní, "Ẹ̀pà. Ẹ̀pà yíyan. Àpò aṣọ rẹ̀ kì í ṣaláìní ẹ̀pà."

Ìyá ní, "Wọ́n bá a lápò rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ."

Mi ò gbọ́ ìyẹn rí. Mo wo Ìyá, ó gbé ojú sápá kan.

Obìnrin náà gbé ìwé lé mi lẹ́sẹ̀. Kò sí pẹ́ńsù kankan létí tirẹ̀. Ìyá bọ tẹ̀sùbáà sọ́rùn ọwọ́, ó sún ẹní rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Kà á, Ìyàwó. A ń gbọ́."

Mo ṣí ojú ìwé kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo kà á sókè láti ìlà kìíní títí dé ìsàlẹ̀. Mi ò fo nǹkan kan.